Ìṣẹ́jú Méjìlá Tí Mo Fi Ju Ládàánì Lọ

Mo wà nínú ààwẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Kì í ṣe oṣù Ràmàdáànì. Ràmàdáànì ti lọ tipẹ́, àwọn ènìyàn ti jẹ ọdún Ìtunu, wọ́n ti pa àgbò Iléyá, wọ́n sì ti jẹ egungun rẹ̀ tán, síbẹ̀ èmi ṣì ń jí jẹ sààrì lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi bá bi mí pé kí ló dé tí n kì í bá wọn jẹ ẹ̀wà ọ̀sán mọ́, mo máa ń ní ààwẹ̀ ni mò ń san. Wọ́n á bi mí pé mélòó ló kù, n kì í dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí yóò mọ iye rẹ̀ kí n tó parí, ẹ ó sì rí i pé kò sídìí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú mi.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi. Físíìsì ni mo kà nílé ìwé gíga. Nígbà tí mo parí, mo fi ọdún kan àbọ̀ jókòó sílé, mò ń tún rédíò àwọn aládùúgbò ṣe, kí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àbújá tó pè mí pé kí n wá ṣe olùkọ́. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ìgbéraga ni ẹrù tó wúwo jù nínú ẹrù mi. Mo gbà pé èmi ni ọpọlọ àkọ́kọ́ tí àdúgbò wa fi ránṣẹ́ sí olú-ìlú, mo sì rò pé olú-ìlú yóò mọ̀.

Olú-ìlú kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Durumi, àdúgbò tí mo gba yàrá sí, mo rí bàbá kan tó ń jáde nínú ilé tó kọjú sí tèmi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé dáadáa lẹ jí?" Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni mò ń kí, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Mo dìde, mo gbọn eruku àyà mi dànù, mo sì wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan rí mi.

Mo wá pinnu láti kọ́ Haúsá, èdè tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń kí ara wọn. Sànnu ni mo kọ́kọ́ mọ̀, mo sì mọ̀ pé yauwa ni wọ́n fi ń dáhùn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kí Màlọ́ọ̀mù tó ń ṣọ́ géètì wa bẹ́ẹ̀, mo sì ti ń sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ti ń gbọ́ Haúsá. Lọ́jọ́ kan, Màlọ́ọ̀mù bi mí ní ìbéèrè gígùn kan. Mo ní, "Yauwa." Ó fi kọ́kọ́rọ́ géètì lé mi lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Wákàtí méjì ni mo fi ń ṣí géètì fún mọ́tò àwọn ayálégbé, tèmi ti táì tí mo dì mọ́rùn láti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Ó kúkú dára. Wọ́n ti fi géètì Àbújá lé ọ lọ́wọ́."

Ẹ̀rín ìyá mi yẹn ni mo fi gbé ọdún àkọ́kọ́ já. Ìdáwà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí kò rí ènìyàn. Ènìyàn pọ̀ lọ súà. Ti ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó wọlé àti ìgbà tó jáde ni. Nílé, bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni mẹ́ta ló máa bi mí pé kí ló dé.

Níbi iṣẹ́, àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní kíláàsì mi, ṣùgbọ́n bí mo bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Ròfíátù, tí ìyá àgbà rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ohun tí mo lè sọ tí kò ní gbọ́, àní òwe pàápàá, àmọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo tó máa ń fi Yorùbá sọ ni "ẹ ṣé". Òun ló bi mí lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn nípa ìràwọ̀, ó ní, "Sà, abeg, no vex. Person wey sabi science, e still fit believe in God?"

Mo dá a lóhùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì lọ, mo gba ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá bọ̀, mo sì rí i dájú pé n kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé láti ilé ìwé gíga ni mo ti gbà pé ìgbàgbọ́ àti làákàyè kò lè jọ sùn lórí ẹní kan. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni mo fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń ní, ẹ wò ó, gbà àti gbọ́: wọ́n sọ fún ọ, o gbọ́, o gbà, ó parí. Mo ní èmi kì í gba ohun tí mo bá gbọ́, ohun tí mo bá fi ojú ara mi rí tí mo sì wọ̀n ni mo lè ní mo mọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo ń sọ ọ́ fún, n kò jẹ́ sọ ọ́ fún ìyá mi. Bí Ràmàdáànì bá dé, mò ń gbààwẹ̀, torí mo mọ̀ pé ó máa bi mí pé ṣé mo ti ṣínu, n kò sì fẹ́ purọ́ fún un nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ẹni tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kò dá lójú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ inú oṣù ààwẹ̀. Èmi náà ń bi ara mi bẹ́ẹ̀.

Fóònù ló ń sọ àkókò ìrun fún mi. Àbúrò mi obìnrin ló bá mi fi ètò náà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń di ẹrù mi nílé. Ó ní kí n jẹ́ kí fóònù máa mọ ibi tí mo bá wà. Mo kọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé bí àwọn kan ṣe ń tọpa ènìyàn kiri nìyẹn, pé ẹni tó bá gbọ́n kì í jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí òun ń gbé. Ọdún mẹ́ta ni ọgbọ́n yẹn fi dùn mọ́ mi nínú.

Ní Ràmàdáànì àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá mi ní Durumi, èmi àti fáànù kan tó ń yí nígbà tó bá wù ú. Mo máa ń gbé dàbínù mẹ́ta àti ife omi kan síwájú, màá tẹjú mọ́ fóònù. Àwọn mọ́sáláṣí á pe ìrun màgàríbà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, n kò ní mira. Mo máa ń ní, ẹ wo àwọn ará ibí, wọn ò lè fi sùúrù dúró de àkókò Ọlọ́hun tí wọ́n gbà gbọ́, èmi tí kò dá lójú ni mò ń dúró. Mo gbà pé ṣe ni àwọn ládàánì ìlú náà ń tẹ̀lé ara wọn, tí àkọ́kọ́ bá ti ṣì í, gbogbo wọn ti ṣì í nìyẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjìlá, fóònù mi á dún, màá ju dàbínù sẹ́nu. N kò ní tíì gbé e mì tí ìpè ìyá mi á wọlé.

"Ṣé o ti ṣínu?"

"Mò ń ṣínu lọ́wọ́, Màámi."

"Àwa náà. Ládàánì ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun tán báyìí ni."

Màá máa gbọ́ ìró ṣíbí rẹ̀ nínú abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, òun náà á máa gbọ́ bí mo ṣe ń jẹ dàbínù. A lè má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan mo sunkún, mo sì sọ fún un pé ata ló tà sí mi lójú, bẹ́ẹ̀ dàbínù ni mò ń jẹ. Kò bi mí pé irú dàbínù wo nìyẹn.

Ní ọdún kẹta, ìdáwà lé mi jáde nínú yàrá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣínu ní mọ́sáláṣí kékeré kan tí àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Tíṣà, wọ́n ń fún mi ní ọ̀sàn tó dùn jù nínú abọ́, mo sì rò pé mo ti dé ibi tí wọn ó ti mọ iyì mi.

Bàbá Ládàánì ni wọ́n ń pe arúgbó tó ń pe ìrun níbẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ìhà Kàbbà ní Kogí ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti wà ní Durumi láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn mọ́sáláṣí ni ilé rẹ̀. Lọ́sàn-án, á máa ta kẹ́tù àlùwàlá àti ẹní ìkírun lẹ́nu ọ̀nà. Aago onína tó wà lára ògiri ti jó láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú iná dé pẹ̀lú agbára àjùlọ, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Nírọ̀lẹ́, Bàbá á gun orí pèpéle tí wọ́n gbé táǹkì omi lé, á dúró, á wo ojú ọ̀run. Ìlà oòrùn ló máa ń kọjú sí.

Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí. Mo ní, "Bàbá, ìhà ibẹ̀ yẹn kọ́ ni oòrùn ń wọ̀ sí."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá ń wò níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ ni mò ń wò, bó ṣe ń ṣú."

Mo wo fóònù mi, ó ku ìṣẹ́jú méjìlá. Bàbá pe ìrun. Gbogbo wọn ṣínu, èmi nìkan ni mo jókòó tí dàbínù wà lọ́wọ́ mi, tí mò ń fojú bá wọn wí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe sùúrù, lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà. Ojú ewé méjì ni. Mo ya àwòrán sí i. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo wá fi Yorùbá sí ìsàlẹ̀ fún àwọn tí mo rò pé wọn ò kàwé tó mi. Mo ní ládàánì wa ń pe màgàríbà ní ìṣẹ́jú méjìlá ṣáájú àkókò, pé ààwẹ̀ gbogbo jàmáà ń bàjẹ́ nítorí arúgbó tó ń wo ìlà oòrùn nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lódìkejì. Mo ní sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀sìn, òun ló máa gbà á là. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ka lẹ́tà náà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn àlàásárì. Alága wa, Àlàájì kan tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Àmọ́ ká má baà fi ìkánjú ṣe é, ẹ jẹ́ ká pe ilé."

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó bi í ní aago tí wọ́n ṣínu lánàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́. Ó bá ti fóònù mi mu rẹ́gí. Ẹnì kan pe Ọ̀yọ́, ìyẹn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àlàájì wo ojú gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Wọ́n wá rántí bi Bàbá Ládàánì bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàtà wa látìgbà yẹn. Ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ilé tẹ́ ẹ pè yẹn, ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń ṣú níbí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àpótí makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí ọjọ́ Ajé, fóònù mi ni gbogbo jàmáà yóò fi jẹ sààrì, òun ni wọn yóò fi ṣínu. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn máa kéde ládàánì tuntun, ọ̀dọ́ tí ohùn rẹ̀ dùn, òun ni yóò sì gba yàrá ẹ̀yìn mọ́sáláṣí. Bàbá ní ọmọbìnrin kan ní Kabusa, ó lè lọ máa bá a gbé. Ọmọ náà ní ọkọ àti ọmọ márùn-ún nínú yàrá méjì, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú lẹ́tà mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ìyá mi pé fóònù ọmọ rẹ̀ ni odindi mọ́sáláṣí Àbújá kan fẹ́ máa tẹ̀lé. Ó ṣe mí ní kú oríire. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá tó ń pè é tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti dàgbà, Màámi."

Ó ní, "Ṣé o rí i bó ṣe ṣe ojú?"

N kò rí i, nítorí pé n kò wò ó.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tẹ̀lé mi. Nírọ̀lẹ́, àwọn mọ́sáláṣí tó yí wa ká á pe ìrun, tiwa á dákẹ́ rọ́rọ́, ogójì ènìyàn á tẹjú mọ́ mi, màá na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n ní sùúrù. Bàbá Ládàánì kò yẹra fún wa. Ó ń dúró láàárín wa, dàbínù kan ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ níhà ìlà oòrùn, kò sì jẹ ẹ́ títí fóònù mi fi ń dún. Mo rò pé ó ti gba ẹ̀kọ́ ni.

Lọ́jọ́bọ̀, olùkọ́ jọ́gíráfì ilé ẹ̀kọ́ wa ń ṣàìsàn, wọ́n ní kí n gba kíláàsì rẹ̀ dúró. Mo gbà tayọ̀tayọ̀, kò sóhun tí n kò lè kọ́ ènìyàn lọ́sẹ̀ yẹn. Mo kọ́ wọn bí ayé ṣe ń yí, pé ìlú tó bá wà níhà ìlà oòrùn ni ilẹ̀ ń kọ́kọ́ ṣú sí, pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìyàtọ̀ dìgírì kan. Ròfíátù nawọ́.

"So, sà, when we dey break fast for here, my grandma for Ògbómọ̀ṣọ́ never break?"

"O ṣeun. Ilẹ̀ ò tíì ṣú sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó ṣì ń dúró."

"For how many minutes, sà?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn. Mo ní kí wọ́n ṣí máàpù. Mo wọn Àbújá, mo wọn Ògbómọ̀ṣọ́, dìgírì mẹ́ta àti díẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin kò le. Mo kọ ọ́ sójú pátákó gàdàgbà, méjìlá, mo sì fa òbìrìkìtì yí i ká.

Ọwọ́ mi kò kúrò lára pátákó. Mo mọ nọ́ńbà yẹn. Mo ti kọ ọ́ síbì kan láìpẹ́, mo sì fa ìlà sí ìdí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e.

Mo fa fóònù yọ nínú àpò. Mo ṣí ètò ìrun náà, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, níbi tí n kò wò rí, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Mo ti kúrò nílé, fóònù mi kò mọ̀, torí pé mo ní kó má mọ̀. Èmi tí n kì í gba ohun tí mo bá gbọ́ ti gba ohun tí fóònù sọ, mo jókòó sínú yàrá tó ní fèrèsé, n kò yọjú wo ìta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibi tó burú jù kò tíì wá sí mi lọ́kàn. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni mo dé kí n tó rántí ìdájí. Tí fóònù bá ti pẹ́ nírọ̀lẹ́, a jẹ́ pé ó ń pẹ́ láàárọ̀ náà. Ìṣẹ́jú méjìlá tí ilẹ̀ ti ń mọ́ lórí Durumi ni mo ṣì fi ń jẹ iyán sààrì lójoojúmọ́, tí mò ń bú àwọn ènìyàn pé wọn ò ní sùúrù. Láti ọjọ́ Ajé, mo ti kó gbogbo jàmáà mọ́ra. Ojú tì mí débi pé mo padà wọlé, mo jókòó sórí àga Ròfíátù, òun sì dúró. Ó ní, "Sà, are you okay?" Mo ní, "Ẹ ṣé."

Bí a ṣe jáde nílé ìwé ni mo gba mọ́sáláṣí lọ. Bàbá Ládàánì ń to kẹ́tù rẹ̀. Ó ti di àpò kan, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìdọ̀bálẹ̀. Ó fetí sí mi títí mo fi parí.

Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ sọ fún ẹ pé mò ń ṣì í?"

"Fóònù ni, Bàbá."

"O sì gbà á gbọ́."

"Mo gbà á gbọ́."

"Èmi ò gbà á gbọ́ ní tèmi, mò ń wò ó ni." Ó gbé kẹ́tù kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá a gbé e wọlé. "Èyí tó o ṣírò lójú pátákó, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Sáyẹ́ǹsì ni, Bàbá."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Òun ló mú ẹ wá síbí."

Mo bi í bóyá kí n lọ pe Àlàájì lójú ẹsẹ̀ kí n sọ fún un. Ó ní, "Ṣé nígbà tí ebi ń pa wọ́n yìí? Wọn á lù ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n ṣínu ná."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo bá a gun orí pèpéle. Gbogbo ènìyàn ti jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú abọ́ wọn. Ó ní kí n wo ìlà oòrùn. Mo rí àwọ̀ búlúù kan tó ṣókùnkùn, tó ń ti ìdí ilẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti gbọ́ kí Yorùbá ní oòrùn ṣú rí? Ilẹ̀ ló ń ṣú. Òun náà nìyẹn tó ń bọ̀ yẹn." Mo wò ó dáadáa. Òjìji ayé ni. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń yà á sójú pátákó fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé ayé ní òjìji, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo bi í pé tí kùrukùru bá bò ó ńkọ́. Ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ó ní aago lòun ń wò nígbà náà, aago tóun fi ojú ọ̀run tọ́ sọ́nà.

Nígbà tó ṣe, ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ti ṣú."

Mo fi makirofóònù lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ pe ìrun, Bàbá."

Àlàájì dìde nísàlẹ̀. "Tíṣà, kò tíì tó. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá."

Mo ní, "Ó ti tó, Àlàájì. Ó ti ń tó láti ọdún mẹ́ta." Makirofóònù gbé ohùn mi dé ọ̀nà márosẹ̀.

Bàbá wúkọ́, ó pe ìrun. Àwọn ènìyàn wojú ara wọn, ebi sì yanjú ìyókù.

Lẹ́yìn ìrun, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti fóònù, mo sọ ti lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀, mo sọ ti ìdájí. Kò sẹ́ni tó pariwo. Àlàájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ jù wá lọ. Ó ní, "Àwa náà sì pe ilé." Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti lo ogún ọdún ní Àbújá, ilé ni wọ́n ṣì ń bi bóyá oòrùn ti wọ̀.

Lémọ́ọ̀mù wa, àáfà kan láti Ìlọrin tí kì í gbé ohùn sókè, ní ti ìrọ̀lẹ́ kò ba nǹkan kan jẹ́, ìdádúró lásán ni. Ti ìdájí ni kí gbogbo ènìyàn san padà lẹ́yìn ọdún, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ó wá yíjú sí mi. "Tíṣà, ìwọ ńkọ́? Oṣù ààwẹ̀ mélòó?"

Mo ní, "Méjì àti ààbọ̀, sà. Ó lé díẹ̀."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Kai." Ìgbà yẹn ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé wọn ò ní lé mi. Àlàájì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Ládàánì, ó dá a padà. Èmi ni mo gbé àpò rẹ̀ padà sínú yàrá. Kò wúwo rárá, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọgọ́rin ọjọ́ ó lé kan ni Lémọ́ọ̀mù ṣírò fún mi. Mo ti san mẹ́tàlélógún. Bí mo bá ti wà nínú ààwẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti ń ṣínu, lórí pèpéle. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó rò pé ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́hun àti làákàyè lè jọ máa gbé. Ó ní, "Ìyẹn le fún mi. Èmi ìrun ni mò ń pè." Mo rò pé ìdáhùn yẹn sàn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dá Ròfíátù lóhùn lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ròfíátù. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kò tíì dá mi lójú títí di òní. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé nínú èmi àti arúgbó yẹn, òun ló ń wò, èmi ni mò ń gba ohun tí mo gbọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń gba owó oṣù lórí sáyẹ́ǹsì.

Ìyá mi ni mo sọ fún kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tí ibẹ̀ bá ti ń ṣú ṣáájú ibí, a jẹ́ pé a ò ní lè jọ máa ṣínu mọ́." Mo ti rò nípa sáyẹ́ǹsì, mo ti rò nípa ẹ̀sìn, n kò rò nípa ìyẹn.

Fóònù mi ti mọ ibi tí mo wà báyìí. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Bàbá ní ó ti ṣú, mo jẹ dàbínù kan, mo mu omi, a kírun. Nígbà tí a padà sórí pèpéle, mo mú dàbínù kejì, mo dì í mọ́wọ́, n kò jẹ ẹ́. Bàbá wò mí.

"Èyí ńkọ́? Kí lo fi ń dúró dè?"

Mo ní, "Ilẹ̀ ò tíì ṣú nílé, Bàbá."

Bàbá yí padà, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó wo ìhà ibẹ̀ nìyẹn, a sì jọ dúró. Nígbà tó ṣe, fóònù mi dún, ìyá mi ló ń pè. Mo ju dàbínù sẹ́nu kí n tó gbé e.

"Ṣé o ti ṣínu?"

"Mò ń ṣínu lọ́wọ́, Màámi."